Ìwé Owó Ọbẹ̀

Ní ọjà Bódìjà, níwájú àtẹ aláta kan, ni mo ti mọ̀ pé mi ò tíì kúrò nílé ọkọ. Ó sì ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti kó ẹrù mi jáde. Mo ra tàtàṣé àti rodo, mo yọ ìwé kékeré látinú báàgì, mo ń kọ iye tí mo rà wọ́n. Màmá aláta wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ta lo fẹ́ lọ jábọ̀ fún?"

Bírò dúró sí mi lọ́wọ́.

Nílé tí mo ti kúrò, gbogbo náírà tó bá jáde gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀: iyọ̀, mágí, owó Micra láti Bódìjà dé Òjòò. Tó bá di alẹ́, ìwé á jáde sórí tábìlì. Tí ₦50 bá dín, ilẹ̀ á mọ́ bá wa lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé, "Ṣebí kì í nà mí." Agbẹjọ́rò kan ló là mí lójú pé òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lòdì sí ìwà ipá ní 2015 ka fífi owó fìyà jẹni mọ́ ìwà ipá. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, torí pé ohun tó ń ṣe mí lórúkọ.

Ti ìwé ìyípadà orúkọ ò le. Mo lọ búra ní kóòtù ní Ìyágankú pé mo ti padà sí orúkọ bàbá mi, mo gbé e sínú ìwé ìròyìn, mo kó méjèèjì lọ sí báǹkì àti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe NIN. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe ẹ̀dà púpọ̀, ẹ má jẹ́ kí èyí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gan-an sọnù. Orúkọ mi yí padà. Ọwọ́ mi ò yí padà.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni pé mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ dà bí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ní àdúgbò tuntun tí mo kó lọ, mo sọ fún wọn pé mi ò lọ́kọ rí, pé ọmọ àbúrò mi ló ń bá mi gbé. Ọmọ mi gbọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń dirun fún un, ó ní, "Mọ́mì, ṣé kí n máa pè yín ní àǹtí ni?" Mo tú irun tí mo ti dì dé ìdajì, mo tún un dì látìbẹ̀rẹ̀, torí mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ìyá bàbá mi ni mo lọ bá, ní agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ń kì mí, Àbẹ̀kẹ́, wọ́n kì mí dé orí ìlú: "A kì í wáyé ká má lárùn kan lára, ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn." Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, àmọ́ ọjọ́ yẹn ló wọ̀ mí lára. Oríkì wa ò fi ìjà ìgboro pamọ́. Ó dárúkọ ẹ̀ bó ṣe dárúkọ Olúyọ̀lé àti Ògúnmọ́lá, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọmọ mi nìyẹn: mo lọ́kọ rí, bàbá ẹ ni, ara ò rọ̀ mí níbẹ̀, mo kúrò. Lẹ́yìn náà a jẹun. Mo tún lọ sọ òótọ́ fún àwọn ará àdúgbò, ojú tì mí, àmọ́ mo sọ ọ́.

Ìwé kékeré tí mo ń kọ owó ọbẹ̀ sí yẹn, mi ò dáná sun ún. Iyọ̀ àti mágí ni mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀ láìkọ, àyà mi sì ń já fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó yá, owó ọkọ̀. Ata ló pẹ́ jù. Mo ṣì ń ṣe ìṣirò ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Gbági o, kí n lè mọ èrè mi, inú ìwé ńlá ọ̀tọ̀ nìyẹn wà. Tí ẹ̀yin náà bá ń jábọ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ mú èyí tó kéré jù nínú ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti ọjà dé, ọmọ mi ń bá mi já ìdí ata, ó bi mí pé èló ni wọ́n ń ta rodo báyìí. Mo ronú títí. Mi ò rántí.