Ijó Ti Parí Kí Àlejò Tó Dé

Aago 7 alẹ́ ni wọ́n pe àlejò, aago 9 ni wọ́n fi ijó sí. Nígbà tí aago lu 7:20, ènìyàn mẹ́fà péré ló wà nínú gbọ̀ngàn. Méjì ń wo fóònù, méjì ń ṣàròyé nípa ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, ọ̀kan ń wá ibi tí yóò ti gba iná sí fóònù rẹ̀, ọkùnrin kan tó kù sì ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. DJ jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, orin jẹ́jẹ́ kan ń dún lábẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Títí di ìṣẹ́jú náà, kò tíì ṣe àṣìṣe kankan.

Àfi bí ọlọ́jọ́ ìbí ṣe gba ibẹ̀ kọjá.

“Àbúrò, ṣé òkú la wá sin ni? Fi nǹkan gidi sí i jàre!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ná.”

“Orin ló máa pè wọ́n wọlé!”

Kò sí DJ tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Lójú ẹni tó ni ìnáwó, bí gbọ̀ngàn bá ṣófo, orin ló jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ àwọn àlejò ṣì wà lójú ọ̀nà, òmíràn ò tíì jáde ní balùwẹ̀ ilé rẹ̀, kò sì sí spíkà tí ohùn rẹ̀ lè dé ibẹ̀. Ìdáhùn tó yẹ ni “Ó ti yé mi, ẹ̀gbọ́n,” kí DJ sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojora mú tiwa. Ó fa orin tó lágbára jù lọ nínú àpò rẹ̀ yọ, èyí tí ìlù rẹ̀ ń lọ ní 128 ní ìṣẹ́jú kan, tó ti ń tọ́jú de aago 10.

Àwọn méjì tó ń ṣàròyé gbọn èjìká díẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ dìde, báàgì há a ní abíyá, ó fò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 4, orin parí, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí ara.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: téèyàn bá ti gun orí irú orin bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà sọ̀ kalẹ̀. Orin jẹ́jẹ́ tó bá tẹ̀ lé e yóò dà bí ìgbà tí iná lọ. Nítorí náà ló ṣe fi alágbára mìíràn tì í lẹ́yìn, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Kó tó di aago 7:50, ó ti jẹ méje nínú orin tó dára jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀ tán, níwájú àlejò mọ́kànlá. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni ọmọkùnrin yìí, ẹrù ń dúró dè é ní aago 9.

Ìṣirò orin tí à ń fi dúró de ijó kò le. Láti aago 7 sí 9 jẹ́ wákàtí 2, ìyẹn ìṣẹ́jú 120. Bí orin kan bá gba ìṣẹ́jú 4, orin 30 ni. Ẹ kó 40 dání, torí nǹkan bíi mẹ́wàá ni ẹ máa fò nígbà tí ẹ bá rí ojú àwọn tó wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlù 90 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn orin mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fi 2 tàbí 3 kún un. Tí wákàtí kan bá fi máa pé, ẹ ti wà ní nǹkan bí 110. Nígbà tí ijó bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, 116 tàbí 118. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé orin ń yára. Abẹ́ tábìlì ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ojú: ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbà, orí á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èjìká, ìdí ló máa ń kẹ́yìn.

Orin wo wá ni ká fi sí i? Ẹ má fi tó ṣàjèjì pátápátá sí i, ẹ má sì fi èyí tí gbogbo ayé ń kọ sí i. Orin tó bá mú kí ènìyàn ju fóònù sílẹ̀ kó pariwo pé “Yéè, orin mi rèé!” kì í ṣe orin aago 7. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ bí ẹni tọ́jú ẹran fún ọmọ tí kò tíì ti ilé ìwé dé. Orin tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀ ló dára jù, torí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orin kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó tì í.

Ẹnì kan ti rí òdì kejì wàhálà yìí rí. Ní ọdún 1920, ní ìlú Paris, Erik Satie, ará Faransé tó ń kọ orin, ṣe orin kan tó fẹ́ kó máa dún lásìkò ìsinmi eré orí ìtàgé, kó wà níbẹ̀ bí àga ṣe ń wà, láìsí ẹni tó kà á sí. Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn padà sórí ìjókòó wọn, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n tẹ́tí. Satie ló ń sáré káàkiri, tó ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ, kí wọ́n má fetí sí orin òun!

Ti DJ wa, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ mọ́. Aago 5 ló dán spíkà wò, nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo tí ògiri ń dá ohùn padà. Ara ènìyàn máa ń mu ohùn, pàápàá ohùn tín-ín-rín. Nígbà tí àlejò di ọgọ́ta, orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tó da aṣọ borí. Ó gbé fólúùmù sókè. Àwọn àlejò gbé ohùn sókè. Òun náà tún gbé e. Nínú eré báyìí, spíkà ló máa ń borí, torí ọ̀fun ò ní amplifáyà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán máa ń tó nǹkan bíi dẹ̀síbẹ̀lì 60 (dẹ̀síbẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe lọ sókè tó). Kí orin ìdúró-de-ijó wà ní 65 sí 70 níbi tí àwọn ènìyàn jókòó sí, fóònù lásán sì lè wọ̀n ọ́n. Ti DJ wa ti wọ 85. Dẹ̀síbẹ̀lì 10 tí a bá fi kún ohùn máa ń dún létí bí ìlọ́po méjì, ẹ wá rò ó wò. Spíkà mẹ́rin tó rọra ń dún káàkiri sàn ju méjì tó ń ké mọ́ àwọn tó jókòó níwájú lọ.

Ní àárín ariwo yìí ni ọkùnrin tó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá bá a, tó fẹnu sí i létí.

DJ rò pé orin ló ń béèrè. Ó na àtàǹpàkò sí i. “Ó ń bọ̀!”

Aago 8:30, ó wá orin tó máa gbà á sílẹ̀. Ó ti jẹ́ kí kòmpútà to orin rẹ̀ láti orí ìlù kékeré dé ńlá, ó sì mú ọ̀kan tí wọ́n kọ 140 sí lára. Kòmpútà máa ń ṣi ìlù kà sí ìlọ́po méjì tàbí ìdajì: 70 ni orin náà, orin ìfẹ́ tí wọ́n lè fi rẹ ọmọ sùn. Tọkọtaya kan dìde, wọ́n dì mọ́ra. Àwọn tó kù ń wá bàtà wọn, wọ́n rò pé ìkádìí nìyẹn. (Ẹ fi ẹsẹ̀ ka ìlù fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹsẹ̀ kì í purọ́ bíi kòmpútà.)

Òógùn bò ó. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ spíkà pẹ̀lú Bluetooth, ó fi orin mẹ́ta sí i, ó ní kí òun lọ tọ̀ kíákíá. Ó fi fóònù sápò lọ. Bluetooth irú fóònù bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá nǹkan bíi mítà 10, ògiri sì tún ń dín in kù. Ní ìṣísẹ̀ kẹjọ, orin bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ní ìṣísẹ̀ kejìlá, ó dákẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ló mọ ibi tó dé dúró. Wáyà lásán, àti fóònù tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí tábìlì, ì bá ti bò ó láṣìírí.

Aago 9 lù. Wọ́n dín iná kù, agbo ijó tẹ́jú, ọlọ́jọ́ ìbí bọ́ síwájú.

“Àbúrò, ó yá! Fún wa ní gidi!”

Gidi wo ló kù? Ó tún fi orin 128 yẹn sí i. Àwọn tó gbọ́ ọ ní aago 7:20 wo ara wọn, wọ́n ní “Èyí náà ló fi kí wa káàbọ̀.” Kò sẹ́ni tó mira.

Àfi ọkùnrin kan tó dìde láti ẹ̀yìn, tó ń bọ̀ wá sójú agbo, tó ń gbé ẹsẹ̀ kan, tó ń sọ ìkejì kalẹ̀, tó fún itan pọ̀. Inú DJ dùn, ó gbé fólúùmù sókè fún un. Ọkùnrin náà kọjá lójú agbo láìdúró, ó wá kan tábìlì.

“Ẹ ní ó ń bọ̀ láti ìgbà yẹn. Ṣé kò tíì dé ni?”