"Yá" kan, ọ̀nà méjì: borrow àti lend, fún ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì

Ẹ̀yin àbúrò, ẹ wo gbólóhùn yìí dáadáa: "We borrowed the contractor two ladders." Láti Yábàá títí dé Marina, gbogbo wa la mọ ohun tí akọ̀wé náà ní lọ́kàn: àwa la ni àkàbà méjì, agbaṣẹ́ṣe ló kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, òdìkejì ló máa kà níbẹ̀, pé àwa la lọ yá àkàbà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, àwa ló sì yẹ ká dá a padà. Ọ̀rọ̀ kan péré ti sọ olóhun di onígbèsè.

"Yá" kan náà la ní fún lílọ àti bíbọ̀; ohun tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ibi tí nǹkan forí lé. "Mo yá Ṣẹ́gun ní ₦5,000": owó jáde lọ́wọ́ mi. "Mo yá ₦5,000 lọ́wọ́ Ṣẹ́gun": owó wọlé sọ́wọ́ mi. "Lọ́wọ́" yẹn ni kí ẹ máa wá. Níbi tó bá wà, borrow ni, "lọ́wọ́" fúnra rẹ̀ á sì di from: I borrowed ₦5,000 from Ṣẹ́gun. Níbi tí orúkọ ẹni bá ti tẹ̀ lé "yá" ní tààrà, tí "ní" wá ṣáájú nǹkan náà, lend ni: I lent Ṣẹ́gun ₦5,000, tàbí I lent ₦5,000 to Ṣẹ́gun. Borrow kì í gba ẹni sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan tí a yá ló máa ń tẹ̀ lé e.

Bí a kò bá wá dárúkọ olóhun ńkọ́? "Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà." Borrow nìyẹn, ẹ̀rí rẹ̀ sì ni pé òun ló yẹ kó san án.

Ìgbà tí a bá ń tọrọ nǹkan ni àṣìṣe pọ̀ jù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní bírò": "mi" ti lẹ̀ mọ́ "yá" pẹ́kípẹ́kí, ni ẹnu bá sáré sọ borrow me. Létí Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ń ní kí wọ́n gbé òun alára lọ, kí wọ́n lo òun, kí wọ́n dá òun padà lọ́la. Please lend me your pen ni kí ẹ wí, tàbí May I borrow your pen? Nínú ti àkọ́kọ́, olóhun ló ń ṣe iṣẹ́; nínú èkejì, ẹ̀yin tí ẹ ń tọrọ ni. Nínú dánfó tó ń lọ Ojúẹlẹ́gba, borrow me kò burú rárá. Pijin ni, pijin sì ní òfin tirẹ̀. Kó má ṣáà ti bá yín wọ inú lẹ́tà. Ẹ má sì dúró de ìlà pupa kọ̀ǹpútà, torí sípẹ́lì ọ̀rọ̀ méjèèjì pé. Lended ni ìlà pupa lè mú. Lent ló tọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan. Leihen àwọn ará Jámánì náà ń lọ síbì kan, ó ń bọ̀ níbì kan. "Kọ́" tiwa gan-an ń rìn bẹ́ẹ̀: "Ó kọ́ mi ní ìṣirò" jẹ́ teach, "Mo kọ́ ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀" jẹ́ learn. Ẹ rí "lọ́wọ́" tó tún yọjú?

Gẹ̀ẹ́sì náà ní oníṣe-méjì tirẹ̀: rent. Onílé ń rent, ayálégbé ń rent, to àti from ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Let ní tirẹ̀, onílé nìkan ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kun To Let sára ògiri, tí àwọn ọmọ àdúgbò á wá ki "i" sáàárín, tí ilé olówó iyebíye á di ṣáláńgá.

Èyí tó ń gbé àwọn àgbà pàápàá ṣubú ni mortgagor àti mortgagee, orúkọ àwọn méjì tó wà nínú ìwé àdéhùn owó tí a fi ilé dógò yá. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tó gba owó ni mortgagee, nítorí pé employee ló ń gba owó oṣù, payee ló ń gba owó ṣẹ́ẹ̀kì. Rárá o. Owó kọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí, ilé tí wọ́n fi dógò ni. Ẹni tó yá owó lọ́wọ́ báńkì ló fi ilé sílẹ̀, òun ni mortgagor. Báńkì ló gba ẹ̀tọ́ lórí ilé náà, òun ni mortgagee. Bí ìwé àdéhùn bá dé orí tábìlì yín, ẹ fi pẹ́ńsù fa ọfà kékeré láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ilé dógò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó gbà á, kí ẹ tó tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀.