Wọn ò rí owó ẹsẹ̀ mi gbẹ́sẹ̀ lé: ẹ bá mi dúpẹ́

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹjọ́ ti parí, adájọ́ dá mi láre, owó ẹsẹ̀ mi, èyí tí mò ń gbà nítorí ẹsẹ̀ tí mo fi ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, sì wọlé lóṣù yìí láìdín kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè tí mi ò gbé e, ẹ má bínú. Ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀ nígbà náà.

Ẹ mọ ohun tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ fojú mi rí, ẹ sì mọ bí bàbá àwọn ọmọ ṣe lọ lójijì nígbà tí kajú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé ọkùnrin tó gbé owó fún olóògbé kí wọ́n fi bá òun ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní èmi ni n óò san án. Ó ní òun ti gbọ́ pé NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ń sanwó fún mi lóṣooṣù, pé ibẹ̀ ni kí n ti máa yọ tòun.

Alẹ́ tó wá sílé ni mi ò lè gbàgbé láyé. Ó mú ọlọ́pàá kan dání. Iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló tàn sórí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ kalẹ̀: pé èmi lágbájá gbà pé gbèsè náà ti di tèmi, pé n óò máa san án nínú owó tí mò ń gbà. Ọlọ́pàá yẹn ní tí mi ò bá fọwọ́ sí i, àgọ́ ni n óò sùn. Ọ̀pá mi wà lára ògiri lọ́hùn-ún, mi ò sì lè dìde láìsí i. Àbígbẹ̀yìn mi di aṣọ mi mú. Mo ti mú bírò.

Ìgbà yẹn ni ọkọ mi obìnrin, ẹ̀gbọ́n olóògbé, jáde láti yàrá, wọ́n rọra gba bírò náà lọ́wọ́ mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ̀sùn ọ̀daràn wo lẹ fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ìyàwó wa?” Ọlọ́pàá ò lè dáhùn. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ẹ̀sùn ọ̀daràn, bíi gbèsè, tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan mú èèyàn. Obìnrin tó ń ta ẹ̀gúsí lọ́jà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ o! Gbogbo ayé ló ń sọ pé ẹbí ọkọ ló ń fìyà jẹ opó. Inú ẹbí ọkọ ni ìgbàlà tèmi ti wá.

Nígbà tí ọkùnrin náà wá pè mí lẹ́jọ́ ní Kàbà, ọkọ mi obìnrin yìí náà ló bá mi wọ mọ́tò lọ sí Lọ́kọ́ja, wọ́n gbé ọ̀pá mi lé itan bí ìkókó, títí a fi dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kan tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Lọ́yà ní gbèsè olóògbé, inú ohun tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ti ń san án. Ìyàwó tí kò bá a tọwọ́ bọ̀wé kì í ṣe onígbèsè. Ó tún ní òfin ọdún 2010, èyí tó mú kí àwọn iléeṣẹ́ máa dá 1 nínú 100 owó òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀ NSITF, òfin yẹn náà ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé owó ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rí ló kù. Mo kó lẹ́tà NSITF àti ìwé báńkì kalẹ̀. Mi ò jẹ́ kí owó mìíràn wọ àkáǹtì yẹn rí, ìyẹn ló sì gbà mí: ojú kan ni wọ́n ti rí ibi tí gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba irú owó yìí, ẹ yáa ya àkáǹtì rẹ̀ sọ́tọ̀.

Adájọ́ ka lẹ́tà náà tán, ó bi lọ́yà ọkùnrin náà pé níbo ni obìnrin yìí ti fọwọ́ sí gbèsè. Kò rí ibì kankan fi hàn. Bí wọ́n ṣe lé ẹjọ́ náà dànù nìyẹn! Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a jẹ owó olówó, àpò kajú tó wà nínú sitọ́ọ̀ àti ọ̀kadà olóògbé la tà, a kó owó rẹ̀ fún un, ó sì fọwọ́ síwèé pé òun gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláàbọ̀ ara kì í bá olówó ṣẹjọ́, ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má yọjú sí kóòtù, ẹ má gba ẹlòmíràn nírú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá yọjú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa dá a lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní kí n kó owó náà sí àkáǹtì òun kí wọ́n má baà rí i, inú mi dùn pé mi ò gbà. Owó tí òfin ti dáàbò bò, kí ni mo fẹ́ gbé e sá fún?

Opó tí wọ́n bá gbé irú ìwé yẹn wá bá, kó má fọwọ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun yòówù kí wọ́n sọ. Àwọn lọ́yà obìnrin, FIDA, wà ní Lọ́kọ́ja.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la ó ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ wa. Ọkọ mi obìnrin ló máa ṣáájú, èmi àti àwọn ọmọ á tẹ̀ lé wọn. A ò yan aṣọ. Ẹ ṣáà wá, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ní kí n fọwọ́ sí i.