Ojú Ibi Tí Irin Ti Dá

Ní àárọ̀ àná, ní ìsọ̀ jórinjórin kan ní Kàbbà, àbúrò mi gbé irin tí táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ fi ń yí lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, n kò gbé ẹrù kankan tí ó fi dá." Mo nù ún mọ́. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ léra wọn lójú ibi tí ó ti dá, bí àmì tí omi ń fi sílẹ̀ lára iyanrìn etídò, èyí tí ó fi hàn pé irin náà ti sán tipẹ́, tí ibi tí ó sán sì ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀kadà ti ń rìn. Láti ọdún 1921 ni A. A. Griffith, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi gíláàsì ṣàlàyé agbára tí irú sísán kékeré bẹ́ẹ̀ ní láti mú kí nǹkan dá.

Ọdún tí ó kẹ́yìn ni àbúrò mi wà nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Mo fi ètò ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ DAAD ti Jámánì hàn án, níbi tí wọ́n ti sábà máa ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún 2 fún àwọn ẹ̀kọ́ kan. Ó dùn mí pé ẹnikẹ́ni kò fi hàn mí nígbà tèmi. Ó ra irin tuntun, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rá wé èyí tí ó dá, ó sì gbé e lọ sílé fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀.