Olórin tó ń ṣọ̀fọ̀, ọtí, àti bàbá tó ń gba owó òde

Òṣogbo kì í fi bẹ́ẹ̀ fún olórin láyè láti ṣọ̀fọ̀. Ìyá rẹ̀ lè kú lọ́sẹ̀ yìí, kí bàbá rẹ̀ tó ń bá a gba iṣẹ́ sì ti gba owó àsansílẹ̀ ìsìnkú ẹlòmíràn fún Sátidé. Wọ́n á ní kó mu díẹ̀ kí ohùn lè là. Kò ní pẹ́ tí díẹ̀ yẹn á fi di ti kùtùkùtù, kó tó fọ eyín.

Nígbà tí ojú ilé bá là sí i, wọ́n á tì í mọ́lé, wọ́n á ní kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tó ti ń mu ògógóró tàbí ọtí inú ọ̀rá lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ara rẹ̀ ti gbára lé e. Tó bá dá a dúró lójijì, láàárín wákàtí 6 sí 24 ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, kò ní rí oorun sùn. Gìrì lè gbé e kó tó pé ọjọ́ méjì. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ara rẹ̀ lè gbóná, kó máa bá ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Ìgbà yìí ni ẹbí máa ń ní ayé ló ń ṣe é, tí wọ́n á gbé e lọ sílé àdúrà tàbí ọ̀dọ̀ àfáà, tí wọ́n á fi okùn dè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí lè pa èèyàn, ó sì ní ìtọ́jú. Kó tó dá ọtí dúró rárá ni kí ẹ ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Asubiaro tàbí ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Dókítà á béèrè iye tó ń mu. Ẹ má sọ pé "díẹ̀ ni". Bí a bá wo bí ọtí inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, igo bíà ńlá kan, 60cl, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀rá ọtí líle 30ml méjì àbọ̀. Ẹ kà á bó ṣe rí. Ẹ rán wọn létí fítámì B1 pẹ̀lú, torí ọtí máa ń jẹ ẹ́ tán lára. Òun ló yẹ kó ṣáájú omi súgà tí wọ́n ń fà sára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọpọlọ lè bàjẹ́, kó má rántí nǹkan mọ́. Ẹni tó ń fi oríkì jẹun ò lè pàdánù ìyẹn.

Bàbá ńkọ́? Òun náà ń ṣọ̀fọ̀ ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ ọmọ ló sì fọkàn lé. Kí ọmọ má lọ bá a lójúkojú pé òun ò bá a ṣe mọ́. Bàbá á ní òun lòun ra gángan àkọ́kọ́ fún un, ọ̀rọ̀ á sì dìjà ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá, tàbí àgbà olórin tí bàbá ń bọ̀wọ̀ fún, ni kó sọ ọ́. Kí owó òde máa wọ àkáǹtì ọmọ. Kí wọ́n máa kọ owó àsansílẹ̀, owó ẹlẹ́gbẹ̀, mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ sínú ìwé. Kí bàbá má gba òde kankan láì kọ́kọ́ bi í. Kí wọ́n sì dá iye kan sí fún bàbá lóṣooṣù, torí bí kò bá mọ ibi tí oúnjẹ òun á ti wá, kò ní jẹ́ kí ọmọ sinmi. Àmọ́ ní oṣù àkọ́kọ́, kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin tàbí aya rẹ̀ jọ máa bá a fọwọ́ sí owó náà. Gbogbo owó náà lọ́wọ́ ọmọ nìkan lè di ọtí.

Níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn ni kó ṣeré. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Kó jókòó láàárín ọlọ́fọ̀, kó sunkún. Bó bá máa padà sẹ́nu iṣẹ́, ìkómọ ni kó kọ́kọ́ gbà, torí òwúrọ̀ ni; ìsìnkú ni kó kẹ́yìn. Kó má gba òde lógójì ọjọ́ ìyá náà, tàbí lọ́jọ́ tó pé ọdún. Lóde, kí ife màlítì wà níwájú rẹ̀ ní kíkún nígbà gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má rí ibi bu ọtí sí.

Ẹ ṣọ́ra fún agbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà. Omi tàbí omidùn ni kí wọ́n fi rẹ tirẹ̀. Bó bá tún mu, ẹ má lé e jáde. Ẹ béèrè ọjọ́ tó ti ń mu: bó bá ti ń mu lójoojúmọ́, ẹ má tì í mọ́lé, ẹ gbé e padà sí ọ̀dọ̀ dókítà.