Ìràwọ̀ Olówùú ní Òpópónà Murray

Láti Baltimore dé Pittsburgh, bíi wákàtí mẹ́rin ni, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá dá èèyàn dúró. Ihò gígùn kan wà lábẹ́ òkè tí ọkọ̀ ń gbà wọ ìlú náà. Squirrel Hill lorúkọ òkè ọ̀hún, orúkọ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi láti ọdún 2018. Bí mo ṣe yọ sínú ìmọ́lẹ̀ lódìkejì, mo pa rédíò.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ sínágọ́gù Tree of Life ní àdúgbò Squirrel Hill yẹn, níbi tí ìjọ Júù mẹ́ta ti ń jọ́sìn lábẹ́ òrùlé kan. Ó pa èèyàn 11. Ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún 54, èyí tó dàgbà jù jẹ́ ẹni ọdún 97. Dor Hadash, ọ̀kan nínú ìjọ mẹ́ta yẹn, ń ti HIAS lẹ́yìn, ẹgbẹ́ àwọn Júù tó ń ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ́wọ́. Ohun tó ń bí apànìyàn náà nínú nìyẹn. Ó kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Àlejò lèmi náà ní Amẹ́ríkà. Torí pé wọ́n gba irú mi mọ́ra ni wọ́n ṣe dojú ìbọn kọ wọ́n.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ sì ni mí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis nílé wa, ó kéré tán èèyàn 40 ló bá a lọ. Àǹtí mi wà níbẹ̀. Orí yọ wọ́n, ṣùgbọ́n títí dòní, bí ọmọdé bá yin bángà nígbà Kérésì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì là ń bá wọn. Àwọn èèyàn ńlá wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ohun tí mo wá wò ní Pittsburgh ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ohun tí àwọn tiwọn ṣe lẹ́yìn tí oníkámẹ́rà ti lọ.

Ní oríta Wilkins àti Shady, níbi tí sínágọ́gù náà wà, ibi iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo bá. Wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú ilé àtijọ́ náà, oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ tuntun, èyí tí Daniel Libeskind, ayàwòrán ilé, ya àwòrán rẹ̀. Mo dúró díẹ̀, mo gbàdúrà, mo kọjá lọ.

Ní òpópónà Murray ni mo ti pàdé ìyá àgbàlagbà kan tó ń hun wúlì nínú ilé ìtajà kọfí. N ò lè pe ẹni tó tó ìyá mi lórúkọ, mo ní “Màmá,” wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn ará àdúgbò ṣe lẹ́yìn ìkọlù náà, wọn ò fi ọ̀rọ̀ owó bẹ̀rẹ̀ rárá. Òkú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Júù kì í fi òkú sílẹ̀ lóun nìkan, láti ìgbà tí ẹ̀mí bá ti bọ́ títí wọ́n á fi sin ín. Nítorí náà, àwọn èèyàn ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, wọ́n ń ka Sáàmù níbi tí ìjọba gbé àwọn òkú náà sí. Àwọn mìíràn wọ inú sínágọ́gù lọ kó ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀, torí pé ara olóògbé ni ẹ̀jẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá a wọ ilẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ta ló nu ilẹ̀ ìjọ wa l'Ọ́wọ̀ọ̀? N ò bi ẹnikẹ́ni rí.

Àwọn ará wọn láti ibòmíràn dé. Àwọn onímọ̀ nípa ọgbẹ́ ọkàn wá láti Ísírẹ́lì, láti Israel Trauma Coalition, wọ́n jókòó ti àwọn tó ń tọ́jú èèyàn. Àwọn Mùsùlùmí Amẹ́ríkà dá owó tó lé ní 200,000 dọ́là. Nígbà tó di ọdún 2019, wọ́n ṣí 10.27 Healing Partnership, ibi ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn, sínú ilé ẹgbẹ́ àwọn Júù ní òpópónà Forbes. Ilé yẹn kan náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá. Ọgbọ́n yẹn wọ̀ mí lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí wọ́n bá rí ọ lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá o wá lúwẹ̀ẹ́ ni tàbí o wá sunkún. Nígbà ẹjọ́ apànìyàn náà ní ọdún 2023, nígbà tó ti ń lọ sí ọdún márùn-ún, àwọn olùtọ́jú ṣì ń bá àwọn ẹbí lọ sí kóòtù.

Ohun tí Màmá ń hun ni ìràwọ̀ Dáfídì, igun mẹ́fà, wúlì aláwọ̀ búlúù, pẹ̀lú ọkàn pupa kékeré láàárín. Lẹ́yìn ìkọlù náà, irú ìràwọ̀ yìí wá láti onírúurú orílẹ̀-èdè, wọ́n sì so wọ́n mọ́ igi àti òpó káàkiri Squirrel Hill. Màmá já òwú ìdí èyí tí wọ́n ń hun, wọ́n fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ṣì gbóná.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe Àǹtí lórí WhatsApp.

“Gbé e súnmọ́ fóònù.”

Wọ́n wò ó pẹ́. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, àwọn ló ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun fún gbogbo àdúgbò. Láti ọdún 2022, wọn ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́.

“Báwo ni wọ́n ṣe mú pupa yẹn wọ àárín?”

“Mi ò mọ̀, Àǹtí.”

“Lọ bi ìyá yẹn kí o tó kúrò níbẹ̀.”

Mo wọ bàtà, mo padà sí òpópónà Murray.