Ilé Ẹ̀kọ́ Méjì, Ìwé Ẹ̀rí Kan: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Alukoro

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí ni mo ti jókòó kọ́ iṣẹ́ alukoro, ṣùgbọ́n yunifásítì kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ni ó ni ìlànà ẹ̀kọ́ náà. Òun ni ó ń yẹ ìbéèrè ìdánwò wò kí a tó kọ ọ́, òun náà ni ó sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí mo gbà. Irú ètò yìí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba oyè Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ tó di yunifásítì. Àwọn àbúrò kan ní Àkúrẹ́ máa ń bi mí léèrè bóyá kí wọ́n gba irú àyè bẹ́ẹ̀ nígbà tí ibi tí ọkàn wọn fẹ́ kò bá gbà wọ́n. Èsì mi ni pé kí wọ́n gbà á, bí wọ́n bá ti mọ̀ pé láàárín ilé ẹ̀kọ́ méjì, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa ṣe alukoro ara rẹ̀, nítorí pé ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ni yóò rò pé èkejì ti sọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí yóò wà lórí ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì wádìí bóyá NUC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, fọwọ́ sí i pé kí a máa kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, nítorí pé ìfọwọ́sí fún ẹ̀kọ́ kan kò bo èkejì. Ẹ rí i dájú pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín bára mu lórí ìwé JAMB àti ti WAEC. Yunifásítì tí ó ń fúnni ní oyè ni ó ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí NYSC, ẹni tí ó bá sì ti lé ní ọmọ ọdún 30 nígbà tí ó jáde, ìwé ìyọ̀ǹda ni yóò gbà dípò kí ó sìn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí kì í ṣe eré nínú ètò alájọṣe, nítorí pé ohun tí ó bá dá ọ̀kan nínú ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì dúró ti dá ẹ̀yin náà dúró. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022, àwọn olùkọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sí nínú ìyanṣẹ́lódì náà, wọ́n ń wá sí kíláàsì lójoojúmọ́, a sì kọ́ ẹ̀kọ́ wa parí. Ìdánwò ni a kò rí ṣe, torí pé àwọn tí yóò yẹ ìbéèrè wò wà nílé. Ọdún mẹ́rin wa di márùn-ún. Ẹni tí ó bá ń ṣírò ọdún rẹ̀, kí ó fi ọdún kan kún un.

Nípa ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, a wọlé lábẹ́ Mass Communication, a sì yan iṣẹ́ alukoro láàyò ní ọdún kẹta. Ní ọdún 2020, NUC pín Mass Communication sí ẹ̀ka méje, Public Relations, ìyẹn iṣẹ́ alukoro, sì di ọ̀kan tí ó dá dúró nínú wọn. Nítorí náà, ẹ béèrè èwo nínú méjèèjì ni ẹ ń wọlé sí.

Ìwé tí yunifásítì ní kí a kà pọ̀, mo sì há wọn sórí. Mo lè ka ìlànà iṣẹ́ alukoro mẹ́rin tí Grunig àti Hunt, àwọn onímọ̀ méjì, gbé jáde ní ọdún 1984 láìwo ìwé. Mo tún mọ àlàyé Frank Jefkins, ará Ìlú Ọba, pé iṣẹ́ alukoro ni láti mú àwọn ènìyàn kúrò nínú ìkórìíra, ẹ̀tanú, àìbìkítà àti àìmọ̀, kí a sì mú wọn dé ibi ojú rere, ìtẹ́wọ́gbà, ìfẹ́ sí ọ̀rọ̀ àti ìmọ̀. N kò mọ ohun tí mo há sórí títí di ọ̀sán ọjọ́ kan.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ gbẹ́ gọ́tà síwájú géètì, àwọn tí ń tajà níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kó àtíbàbà wọn kúrò. Olùkọ́ wa kan, àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rédíò, ní kí n kọ ìkéde rẹ̀ wá. Mo kọ ojú ìwé kan gbáko ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bàbá kà á, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, “Lọ kà á fún Ìyá Oníbọ̀ọ̀lì.” Mo dúró nídìí ààrò wọn, èéfín ń wọ̀ mí lójú, mo ń kà á pé àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ń fi àkókò yìí tọrọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìyá jẹ́ kí n kà á tán. Wọ́n fi ọwọ́ lásán yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan padà lórí iná, wọ́n fẹ́ eérú ara rẹ̀ nù, wọ́n wá wò mí lójú.

“Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń lé wa ni, àbí wọn ò lé wa?”

Èsì ìbéèrè yẹn kò sí nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo sì béèrè, àṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni iṣẹ́ náà, wọ́n yóò sì padà sí ààyè wọn lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi pamọ́, kò sí ẹni tí ó béèrè ni. Ìkéde tuntun tí mo kọ jẹ́ ìlà mẹ́rin: ọjọ́ tí wọn yóò kó kúrò, ibi tí wọn yóò lò fún ìgbà díẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò padà, àti ẹni tí wọn yóò rí bí ọ̀rọ̀ bá wà. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ Jefkins wọ̀ mí létí, mo sì rí ìdí tí Grunig àti Hunt fi gbé ìlànà ìsọ̀rọ̀ lọ-bọ̀ ga ju ti ẹni tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, n kì í túmọ̀ ìkéde mọ́. Èyí tí mo bá fẹ́ fún ìwé ìròyìn The Hope, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká ń kà, mo máa ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ó ń lọ sí rédíò, ní Positive FM tàbí Adaba, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yorùbá láti ìlà àkọ́kọ́, n ó sì kà á sókè fún ẹnì kan nínú ilé kí ó tó jáde.

Ní ọdún kẹta kan náà, èsì kọ́ọ̀sì kan kò jáde fún àwa mẹ́rìndínlógún tí a ṣe é. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àwọn ti fi ránṣẹ́, yunifásítì ní àwọn kò rí nǹkan kan gbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ gbé e lọ sí Facebook. Èmi náà ti kọ èébú kan sórí fóònù kí n tó pa á rẹ́. Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé kan tí kò bá ẹnikẹ́ni wí, mo kọ ọjọ́ ìdánwò sí i, mo sì fi ẹ̀dà ìwé tí a fọwọ́ sí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tì í. Mo mú un dé ọ́fíìsì méjèèjì, mo sì jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tèmi. (Àpò kan tí wọ́n pín fún ìyá mi níbi ìnáwó ní Òkè Àró ni mo ń kó gbogbo ìwé àti rìsíìtì mi sí láti ọdún kìíní, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ náà.) Bàbá kan ní ọ́fíìsì ìdánwò yunifásítì ni ó rí i pé nọ́ńbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pe kọ́ọ̀sì náà yàtọ̀ sí ti àwọn, máàkì wa sì wà lábẹ́ kọ́ọ̀sì ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, èsì jáde. Ẹ máa kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí ohun gbogbo tí ẹ bá fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti jáde, ẹ mọ̀ pé oyè nìkan kò sọ yín di alukoro lábẹ́ òfin. NIPR, ẹgbẹ́ àwọn alukoro ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1963, ti gba agbára òfin láti ọdún 1990 láti máa forúkọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mi kò sí níbì kankan lórí ìwé ẹ̀rí mi. Nínú fọ́ọ̀mù, yunifásítì ni mo ń kọ síwájú, n ó wá fi kún un pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́, wọn kò béèrè èyí tí ó ga jù nínú méjèèjì. Wọ́n béèrè ohun tí mo ti kọ rí tí ó ṣiṣẹ́, mo sì mú ìkéde onílà mẹ́rin náà jáde nínú àpò.